Oore Tí Ó Gba Ìbéèrè

Ọ̀rọ̀ oore jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá kì í fi ṣeré. Ẹni tí ó ń ṣoore ni a ń kà sí ọmọlúàbí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò mọ̀ ọ́n ni a ń pè ní aláìmoore. Ẹni tí ó gba oore ni a sábà máa ń yẹ̀ wò báyìí, a kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ ẹni tí ó ṣe é wò. Ojú ń tini láti bi olóore léèrè pé ta ni ó ń ṣe é fún, àti pé kí ni yóò kù lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é fún nígbà tí òun bá ti padà sílé. Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó yẹ kí á gbé ka iwájú iṣẹ́ kan tí ó ń wu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ lónìí, èyíinì ni yíyọ̀ọ̀da ara ẹni láti lọ sìn ní àgọ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń pa nígbà ọlidé fún àwọn ọmọ tí kò ní aláàbò ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ìlú Ìjànikin, ní agbègbè Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, jẹ́ ibi tí ó dára láti dúró sí wo ọ̀ràn náà. Ìlú àwọn olùkọ́ ni. Ibẹ̀ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó pa á pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Nọ́fọ́rìjà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ní 2022, tí àwọn méjèèjì fi di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983 kò sì jìnnà sí i, ní Ọ̀jọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ọmọ mú, kò sì yani lẹ́nu bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ọlidé gígùn. Bí ó bá rí ìwé ìpè gbà láti àgọ́ kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé kí ó lọ ni, tàbí kí ó jókòó?

Irú àgọ́ tí à ń sọ

Pípa àgọ́ fún àwọn ọmọdé kì í ṣe àṣà àná. Ní 1877, Willard Parsons, àlùfáà ìjọ kan ní Sherman ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, rọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kí wọ́n gba àwọn ọmọ tálákà láti New York sínú ilé wọn fún ìgbà díẹ̀, kí atẹ́gùn oko lè fẹ́ sí wọn lára. Láti inú èyí ni Fresh Air Fund ti jáde, ó sì wà di òní. Ní 1883, William Alexander Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow. Nígbà tí ó di 1886, ó kó àwọn ọmọ náà lọ pàgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí kan náà dé Èkó ní 1908, àwọn ọmọ Èkó sì mọ ìró ìlù àti fèrè wọn dáadáa.

Àwọn ọmọ tí àgọ́ tí à ń sọ yìí wà fún ni àwọn tí ìyà ti mọ̀ kí wọ́n tó mọ ara wọn: ọmọ tí ìjọba gbà kúrò lọ́wọ́ òbí tí ó ń lù ú bí ẹni lu bàrà, tí ó sì wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ọmọ tí ogun lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọn yóò ṣeré, wọn yóò lúwẹ̀ẹ́, wọn yóò kọrin, wọn yóò gbọ́ ìtàn Bíbélì, ẹnì kan yóò sì máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ jí wọn ní òwúrọ̀. Ẹni náà ni olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni. Kì í gba owó oṣù. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá owó ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí ìjọ rẹ̀ dá a jọ fún un.

Ilé ni, àbí òkèèrè?

Èrò àkọ́kọ́ tí ó máa ń sọ síni lọ́kàn ni ti ilé. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Láti Ìjànikin dé Òkòkòmaikò àti Ìyànà-Ìbà, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní ọ̀sán yóò rí ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì, tí ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lórí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 kò fi àyè gba kí á máa fi ọmọdé kiri ọjà, ṣùgbọ́n òfin kì í bọ́ ọmọ. Owó físà àti owó ọkọ̀ òfurufú ẹnì kan ṣoṣo yóò ra ìwé àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí kò kéré níye. Kí ló wá dé tí ẹni tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yóò fi la òkun kọjá lọ bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré?

Ẹ̀sùn yìí lágbára, kò sì yẹ kí á fi ẹ̀rín gbá a dànù. Síbẹ̀, ó ní ibi tí ó ti mẹ́hẹ. Lọ́nà kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ pé ilé ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ níbì kankan. Ọmọ tí ń kiri ní Òkòkòmaikò kò jẹ àǹfààní kankan lára ẹni tí kò lọ sí òkèèrè, tí kò sì bá òun sọ̀rọ̀ rí. Nínú ìtàn ará Samáríà tí Jésù pa, àjèjì ni ó dúró ti ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣá sílẹ̀. Àwọn ará ilé ẹni náà ti gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá.

Lọ́nà kejì, ìtàn etí òkun tiwa yìí gan-an jẹ́rìí pé àjèjì lè gba ọmọ là. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ìlú Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì gbé e sínú ọkọ̀ àwọn ará Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà mú, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Àwọn míṣọ́nárì CMS, tí kì í ṣe ìyekan rẹ̀, tí wọn kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, ni ó kọ́ ọ níwèé. Ọmọ yìí ni ó padà dé Àgbádárìgì ní 1845, tí ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ì bá ṣe pé àwọn wọ̀nyẹn sọ pé ọmọ ìlú àwọn nìkan ni àwọn yóò tọ́, Yorùbá ì bá ti pàdánù ẹni tí ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1843.

Oore náà tóbi. Síbẹ̀, ó gba ìbéèrè. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà ní 1825, orúkọ àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fún un, orúkọ Àjàyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sábẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ kí á béèrè ìdí tí ọmọ fi ní láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó rí ìtọ́jú gbà. Ìbéèrè náà kò sọ oore wọn di asán. Ohun tí ó fi hàn ni pé oore gidi lè gba ìbéèrè mọ́ra láìfọ́.

Lọ́nà kẹta, ọmọ òkèèrè lè jẹ́ ọmọ ilé. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ òbí ọmọ Nàìjíríà tí ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń san owó ìtọ́jú fún wọn. Òṣèré Adéwálé Akínnúoyè-Àgbájé jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìrora tí ó rí níbẹ̀ ṣe fíìmù kan tí ó jáde ní 2018. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ tí ó wà ní àgọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè jẹ́ ẹni tí orúkọ Yorùbá wà lára rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò pè é dáadáa fún un. Jíjìnnà ọ̀nà kọ́ ni ó ń ba oore jẹ́.

Ọ̀ràn àkókò

Kókó mìíràn wà nínú ìtàn Crowther tí kò yẹ kí á fò. Àwọn tí ó tọ́ ọ kò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà. Ogún ọdún àti ọ̀kan ni ó wà láàárín ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àti ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà Yorùbá lórí ọmọ àgbàtọ́. Bí òbí ọmọ bá kú, ẹbí kì í wá ẹni tí yóò bá a ṣeré fún ọjọ́ méje. Wọn a yan ẹni tí ọmọ yóò máa wò bí òbí, tí yóò sì jíhìn fún ẹbí. A kò lè sọ pé ìwà ìkà kò sí nínú àṣà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ àgbàtọ́ ni ó ti jẹ ìyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà ní ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó, kì í ṣe ìtọ́jú nìkan ni igba ojú náà wà fún. Wọ́n ń ṣọ́ alágbàtọ́ pẹ̀lú.

Ìmọ̀ ìgbàlódé kò sọ ohun tí ó yàtọ̀. Ní 1951, dókítà John Bowlby kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ kékeré nílò ìfẹ́ tí kò já, láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ tàbí láti ọwọ́ ẹnì kan tí ó dúró pẹ́ ní ipò ìyá. Ọmọ tí àwọn olùtọ́jú ń pààrọ̀ ara wọn lórí rẹ̀ lè má fẹ́ fara mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù Kejìlá 2019, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ké sí àwọn ìjọba kí wọ́n dènà ìpalára tí iṣẹ́ ìyọ̀ọ̀da-ara-ẹni àti ìrìn-àjò afẹ́ ń mú bá àwọn ọmọ ní ilé àwọn ọmọ òrukàn.

Ẹni tí ó bá ka èyí lè fi ìkánjú dá àgọ́ lẹ́bi. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn ọmọ òrukàn ni ilé ọmọ. Bí àlejò bá lọ, ọmọ ni ó kù sílẹ̀ tí ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àgọ́ kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ti mọ ọjọ́ tí yóò parí kí ó tó wá. Òun àti olùtọ́jú jọ dé ni, wọ́n sì jọ ń túká ni. Bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, ọlidé ni ọmọ náà lọ lò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọlọ́rọ̀ ti ń lò ó, ẹ̀tọ́ ọmọ tálákà sì ni láti ṣeré. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé ni ibi tí olùtọ́jú bá ti ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ: pé òun yóò máa kọ̀wé, pé òun yóò padà wá, pé òun ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ayé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni lẹ́nu ẹni tí ń lọ. Gbèsè ni létí ọmọ tí a ti já kulẹ̀ rí.

Ojú àlejò

Ìlérí nìkan kọ́ ni ènìyàn lè fi ẹnu ṣẹ̀. Ohun tí olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ nípa àwọn tí ó lọ sìn tún jẹ́ ọ̀ràn. Nàìjíríà ní ìrírí kan lórí èyí. Ní 1961, Ààrẹ Kennedy ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá Peace Corps sílẹ̀ láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sìn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Margery Michelmore, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wá sí Ìbàdàn, kọ káàdì kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú káàdì tí a kì í fi sínú àpòòwé. Ó ṣàpèjúwe ìdọ̀tí àti ìgbé-ayé ìgboro Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó bà á lẹ́rù. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì rí i. Wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó kọ má jẹ́ irọ́. Ìdọ̀tí kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ gba orí àwọn onílé kọjá, ó sọ wọ́n di ohun ìròyìn fún ẹlòmíràn. Àlejò lójú, kò fi ríran: ó rí iná ìdáná lẹ́bàá títì, kò tíì rí ìyá tí ń dáná láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí, fóònù ti sọ olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni gbogbo di akọ̀wé káàdì. Àwòrán ọmọ tí ń sunkún yóò ti yí ayé ká kí omijé rẹ̀ tó gbẹ.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjànikin tí ó bá dé àgọ́ ní Amẹ́ríkà lè máa ya àwòrán àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí òbí wọn ń mu oògùn olóró, kí ó fi ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá wo ìyà ọmọ òyìnbó, kí ìjọ rẹ̀ sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tí ó wà nínú àwòrán náà ti di àtẹ̀gùn tí ó fi ń gòkè. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣoore tán tí a lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹ̀kọ́ Jésù nínú ìwé Mátíù, orí kẹfà, kò sì yàtọ̀ sí i: ẹni tí ó bá ṣe ìtọrẹ kí ènìyàn lè rí i ti gba èrè rẹ̀ tán.

Nígbà tí a kò bi í léèrè

Gbogbo èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò olókìkí kan, John Smyth, jẹ́ aṣáájú ní àwọn àgọ́ onígbàgbọ́ tí a ń pa ní Iwerne nígbà ọlidé fún àwọn ọmọkùnrin. Lábẹ́lẹ̀, ó ń fi pàṣán na àwọn kan nínú wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, ó sì ń pe èyí ní ìbáwí fún ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1982, àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi tó ọlọ́pàá létí. Ní 1984, Smyth kó lọ sí Zimbabwe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgọ́ onígbàgbọ́ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1992, ọmọ ọdún 16 kan kú ní àgọ́ náà. Inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni a ti bá òkú rẹ̀. Ní 1993, agbẹjọ́rò David Coltart ṣe ìwádìí fún àwọn pásítọ̀ kan ní Bulawayo nípa àwọn àgọ́ náà. A gbé Smyth dé ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà fọ́ láìparí. Ó kú ní Cape Town ní 2018, a kò sì dá a lẹ́bi ní ilé-ẹjọ́ kankan. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ìròyìn ìwádìí tí Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ síta, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, sì kéde ní oṣù náà pé òun yóò fi ipò sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé orúkọ rere ni ó bo ìwà náà mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó dákẹ́ kò fẹ́ kí iṣẹ́ Olúwa bàjẹ́. Wọ́n ro ti iṣẹ́, wọ́n ro ti orúkọ, wọn kò ro ti ọmọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ béèrè ní Zimbabwe ni àwọn ará ìlú, tí wọ́n sún mọ́ àwọn ọmọ náà; àwọn tí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ní òkèèrè ni ó pa ẹnu mọ́.

Ìdájọ́

Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè àpọ̀jù yóò lé àwọn olóore sá, àti pé bí a bá ń wádìí ọkàn gbogbo ẹni tí ó bá na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yóò fi ká kò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Kò sí ọkàn tí ó mọ́ tán, ẹni tí ó bá sì ń dúró kí ọkàn òun mọ́ kí ó tó ṣoore kò ní ṣe é láé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkàn olóore ni a ní kí á wádìí. Ọlọ́run ni ó mọ ọkàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, àti ohun tí ó kù sí ara ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àgọ́ tí ìbéèrè bá sì lè tú ká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú kí á tó béèrè.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Ìjànikin lè lọ. Kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ó ni ọmọ ni ó pe òun, tàbí ìfẹ́ ìrìn-àjò. Kí ó gbà kí a yẹ ìwà òun wò kí a tó fi ọmọ lé òun lọ́wọ́, kí ó má sì kà á sí ìwọ̀sí. Àgọ́ tí kò bá yẹ ẹnikẹ́ni wò ni kí ó sá fún. Kí ó rí i dájú pé ọmọ ní ẹnì kan, yàtọ̀ sí òun, tí ó lè fi ẹjọ́ òun sùn. Kí ó má ṣe ìlérí ju ọjọ́ tí ó ní lọ. Kí ó máa ro bí yóò ti rí lára òun bí a bá ya ọmọ ìyá òun bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé fóònù sókè. Bí ó bá sì padà dé, ohun tí ó kọ́ nípa bí a ti ń fi sùúrù gbọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, kí àwọn ọmọ tí ń kiri ní Ìyànà-Ìbà jẹ nínú rẹ̀.

Èyí tí kò bá lè lọ kò pàdánù nǹkan kan tí ó jẹ́ ti ìwà rere. Ìbéèrè kan náà ni ó ń dúró dè é ní kíláàsì rẹ̀, níbi tí ọmọ kan wà tí kò jẹun kí ó tó wá. Ọmọ ni ó ni oore tí a ṣe fún ọmọ. Ẹni tí ó ṣe é lè yọ̀ sí i, ó lè rántí rẹ̀, ó lè dúpẹ́ pé a rí òun lò. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oore ni ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni kí á lọ béèrè, kí á sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.